Ọ̀rọ̀ Olóòtú: Bí Ewé Bá Ṣe Oúnjẹ Sí I, Ta Ni Yóò Jẹ Ẹ́?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀kan yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ìdí àpò ẹ̀wà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, arábìnrin wa kan tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Mile 12 nawọ́ sókè, ó ní òun ní ìbéèrè. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ló ń lọ láti orí fóònù kan dé èkejì. Ó sọ pé ẹ̀wà tí wọ́n ń kó bọ̀ láti òkè Ọya ti di ẹ̀wà GMO, pé obìnrin tó bá jẹ ẹ́ yóò yàgàn, pé ọkùnrin tó bá jẹ ẹ́ kò ní lè bímọ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn oníbàárà tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ ìjọ ni àwọn kan nínú wọn. Ó wá bi wá pé, “Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń tà ni?”

Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ibi tí a fi í sí, pé ewé fúnra rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń tún tò báyìí, kí ó lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ju bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ariwo bá ta. Màmá kan ní, “Ṣé wọ́n fẹ́ tún iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ṣe ni?” Pásítọ̀ ní kí a fara balẹ̀, wọ́n sì kọjú sí olóòtú, wọ́n ní, “Ẹ lọ wádìí rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé wa.” Ohun tí a rí nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ewé. Gbogbo ohun tí a ń jẹ, ìbáà ṣe ẹ̀wà, gàrí, ìrẹsì tàbí ẹran màlúù tó jẹ koríko, ewé ló kọ́kọ́ sè é. Gbòǹgbò ń fa omi wá fún un láti inú ilẹ̀. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ń gba carbon dioxide wọlé, ìyẹn irú afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí jáde. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ni iná tó fi ń se méjèèjì pọ̀ di oúnjẹ. Èyí ni àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́ girama ń pè ní photosynthesis. Kò sí ilé ìdáná tó dà bí rẹ̀ láyé: kò ní èéfín, kò sì bèèrè owó kẹrosíìnì.

Ṣùgbọ́n ilé ìdáná yìí ń fi nǹkan ṣòfò. Nínú ìdá 100 agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé oko ẹ̀wà, oko ẹ̀gẹ́ tàbí oko ìrẹsì, èyí tó ń di oúnjẹ kò tó ìdá 5, kódà bí òjò bá rọ̀ dáadáa tí ilẹ̀ sì lọ́ràá. Ọ̀nà tí òfò náà ń gbà wáyé pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni àwọn onímọ̀ dojú kọ jù.

Èkíní yóò tètè yé ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó tajà nínú oòrùn. Bí oòrùn bá mú jù, ewé náà ń ṣí agboòrùn tirẹ̀: ó ń da ìmọ́lẹ̀ tó ju agbára rẹ̀ lọ nù bí ooru, kí ó má bàa jóná. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ bí ìkùukùu bá bo oòrùn, tàbí tí ewé òkè bá ṣíji bo ewé ìsàlẹ̀, kì í tètè pa agboòrùn náà dé. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ṣẹ́ kù, tó yẹ kó fi se oúnjẹ, ni ó ṣì ń dà nù. Oko kò sì fìgbà kan wà tí òjìji kì í kọjá lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Òfò kejì dà bí ọ̀rọ̀ kọ̀ńdọ́ dáńfó. Èròjà kan wà nínú ewé tó ń jẹ́ Rubisco. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa nawọ́ mú carbon dioxide wọlé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran tó. Nígbà púpọ̀, ọ́síjìn ló ń fà wọ ọkọ̀, bí kọ̀ńdọ́ tó ń pariwo “Kétu! Kétu!” tó sì lọ kó èrò tó ń lọ sí Ọ̀ṣòdì. Ewé náà yóò wá tún ná agbára láti dá èrò tó ṣi ọkọ̀ wọ̀ náà padà. Bí ooru bá ṣe ń mú sí i ni àṣìṣe yìí ń pọ̀ sí i, irú ilẹ̀ tiwa yìí ló sì ti ń pọ̀ jù. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ó lè gba ìdá 20 sí ìdá 50 nínú 100 lára irè oko. Àgbàdo, ìrèké àti ọkà bàbà ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yẹra fún un láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ẹ̀wà, ìrẹsì àti ẹ̀gẹ́ kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2012, Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní RIPE, láti dí irú ihò méjèèjì yìí. Owó 25 mílíọ̀nù dọ́là láti ọ̀dọ̀ Bill & Melinda Gates Foundation ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì dá sí i lẹ́yìn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Long wà lára àwọn tó ṣáájú. Ara tábà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, kì í ṣe nítorí sìgá, bí kò ṣe pé ó rọrùn láti fi jíìnì tuntun sínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ jíìnì, kí ó wo ojú ọmọ rẹ̀: àkọsílẹ̀ inú ara tó jẹ́ kí imú ọmọ jọ ti bàbá rẹ̀ ni. Irúgbìn náà ní tirẹ̀.

Ní 2016, wọ́n kéde nínú ìwé ìròyìn Science pé tábà tí wọ́n kọ́ láti tètè pa agboòrùn rẹ̀ dé fi ìdá 14 sí ìdá 20 wúwo ju èkejì rẹ̀ lọ nínú oko. Ní 2019 ni wọ́n kéde ti kọ̀ńdọ́. Wọ́n la ọ̀nà àbùjá fún èrò tó ṣi ọkọ̀ wọ̀, wọ́n lo jíìnì kan láti ara elégédé àti òmíràn láti ara ewéko wẹ́wẹ́ inú omi, tábà náà sì fi ohun tó lé ní ìdá 40 tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2022 ó kan ẹ̀wà sóyà, tí èso rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 24 pọ̀ sí i nínú oko ìdánwò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ní oko náà, irúgbìn wó lulẹ̀, àfikún náà kò sì hàn. Ní 2024 ó kan pòtétò: èyí tí wọ́n fún ní ọ̀nà àbùjá fi nǹkan bí ìdá 30 ta ju èkejì rẹ̀ lọ ní àkókò tí ooru mú gidigidi.

A mọ̀ọ́mọ̀ mẹ́nu ba ti sóyà tó wó yẹn, nítorí àwọn tó ń polówó kì í sọ ọ́. Ní 2023, àwọn onímọ̀ irúgbìn kan kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Nature, wọ́n rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n yé pariwo àfikún irè kí wọ́n tó dán an wò dáadáa, ní oko tó tóbi, ní ọ̀pọ̀ ibi àti ní ọ̀pọ̀ ọdún. Àgbẹ̀ èyíkéyìí ní Ọ̀yọ́ ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Kí ló wá kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Illinois? Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà wà lára irúgbìn tí wọ́n fi ṣe àfojúsùn, Nàìjíríà ló sì ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní gbogbo àgbáyé. Ní 2020, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí oríṣiríṣi ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n rí i pé bí òjìji bá kúrò lórí ewé ẹ̀gẹ́ tí oòrùn sì tàn, àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ewé náà ń lọ́ra láti ṣí, bí ìsọ̀ tí ọmọ ọjà sùn sí títí oníbàárà fi bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ó yé gbogbo wa dáadáa: bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹ̀wà, gàrí tàbí ìrẹsì kankan tí wọ́n ti tún ewé rẹ̀ tò báyìí ní Mile 12. Oko ìdánwò ni iṣẹ́ náà ṣì wà. Ẹ̀wà GMO tó wà ní Nàìjíríà yàtọ̀, òun sì ni àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ń sọ̀rọ̀ bá.

SAMPEA 20-T ni orúkọ rẹ̀. Ilé ìwádìí IAR ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sáríà ló ṣe é pẹ̀lú àjọ AATF, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohammad Ishiyaku ló sì ṣáájú iṣẹ́ náà. Àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NBMA, tí òfin ọdún 2015 dá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ irú nǹkan báyìí, fọwọ́ sí i ní 2019. Ó dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ní 2021. Kòkòrò kan ló mú wọn ṣe é. Maruca ni wọ́n ń pè é, ó ń jẹ òdòdó ẹ̀wà, ó sì ń lu èso rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ó lè jẹ tó ìdá 80 nínú irè oko. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń fín oògùn ní ìgbà mẹ́fà, nígbà mìíràn mẹ́jọ, kí ẹ̀wà tó gbẹ. Jíìnì tí wọ́n fi sínú SAMPEA 20-T wá láti ara kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ilẹ̀. Ohun tí jíìnì náà ń ṣe máa ń ba ìfun kòkòrò yẹn jẹ́, ṣùgbọ́n ìfun ènìyàn kò ní ibi tó lè dì mọ́. Ìfín oògùn ìgbà mẹ́jọ wá di ẹ̀ẹ̀mejì.

Kò sí ẹ̀rí kankan pé ẹ̀wà yìí ń sọ obìnrin di àgàn. A tún un sọ: kò sí. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí, kí ó mú un wá síwájú ìjọ. Ẹni tí kò bá ní, tó sì fi ìka kan tẹ fóònù láti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn, kí ó lọ ka òfin kẹsàn-án nínú Ẹ́kísódù 20, kí ó sì rántí pé ẹnì kan ló ń jókòó ti àpò ẹ̀wà láti àárọ̀ di alẹ́, tí kò rówó ilé ìwé ọmọ san nítorí ìka yẹn.

Bí a bá ń wá ohun tí a ó bẹ̀rù nínú ẹ̀wà, ẹ jẹ́ kí a lọ síbi tó wà. Lọ́dún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Oògùn kòkòrò tí a mọ̀ sí ọ̀tapíapíà láàárín ìlú, irú rẹ̀ ni. Àwọn kan ń dà á sórí ẹ̀wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, àwa náà sì ń fi ẹ̀wà ọ̀hún jẹ búrẹ́dì. Kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń káàkiri nípa ìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ màmá wa tó bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ tún iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá ṣe. A kò fi ìbéèrè náà ṣeré. Àwọn ará kan tọ́ka sí Léfítíkù 19:19, níbi tí Olúwa ti kọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì láti gbin oríṣi irúgbìn méjì pọ̀ sínú oko kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Ẹsẹ kan náà ló kọ aṣọ tí a fi oríṣi òwú méjì hun. Ẹ yẹ ọrùn ẹ̀wù tí ẹ wọ̀ wá sí ìsìn wò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn bàbá wa tó jẹ́ àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ń gbin àgbàdo sáàárín ẹ̀gẹ́, a kò sì tíì fi ẹnì kankan sábẹ́ ìbáwí nítorí rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ló gbé e wá sí Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1970, ní IITA ní Ìbàdàn, Dókítà Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ẹ̀gẹ́ TMS 30572 jáde, èyí tó lè fara da àrùn mòsáìkì tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò. Ẹ̀jẹ̀ ìbátan ẹ̀gẹ́ kan láti inú igbó wà nínú rẹ̀. Inú àwọn àgbẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fi ọkùnrin náà joyè Séríkí Àgbẹ̀ ní Ìkirè. Gàrí tí Ádámù kò mọ̀ ni gbogbo wa ń jẹ. Lóòótọ́, kí a mú irúgbìn kan fún ìbátan rẹ̀ láti fi ṣe aya yàtọ̀ sí kí a mú jíìnì elégédé sínú tábà; ẹni tó bá sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n kò sọ òótọ́ tán. Nítorí náà ni a ṣe ní àjọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dé oko, ó sì yẹ kí a máa ṣọ́ àjọ ọ̀hún. Gẹ́nẹ́sísì 2:15 sọ fún wa pé iṣẹ́ méjì ni Ọlọ́run gbé lé ènìyàn lọ́wọ́ nínú ọgbà, kí ó ro ó, kí ó sì ṣọ́ ọ. Onímọ̀ tó kọ́ ewé láti tètè pa agboòrùn rẹ̀ dé kò dá oòrùn, kò dá ewé. Ríro ló ń ro. Àwa kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà wá ni ti ṣíṣọ́.

Ẹ wò ó: ẹ̀wà SAMPEA 20-T, àgbẹ̀ lè tọ́jú nínú irè rẹ̀ kí ó tún un gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, wọn kò sì gba owó ìní jíìnì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo GMO tó ń jẹ́ TELA, tí ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2024, àgbàdo tí wọ́n fi oríṣi méjì bí ni. Ẹni tó bá tún èso irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ gbìn kò ní rí irè bíi ti àkọ́kọ́; ó ní láti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta irúgbìn lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ tó ní owó lè rí èrè nínú rẹ̀. Èyí tí kò ní, tí òjò já kulẹ̀ fún lọ́dún kan, kí ni yóò gbìn lọ́dún kejì?

Ẹ wá wo ẹ̀gẹ́. Igi rẹ̀ ni à ń gé gbìn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, aládùúgbò ló ń fún aládùúgbò ní igi ẹ̀gẹ́. Opó tó ní oko kékeré ní ẹ̀yìn Ìkòròdú lè lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ta dáadáa kí ó sì tọrọ ìdì kan. Bí ẹ̀gẹ́ olóòrùn bá dé lọ́jọ́ kan (bí àwa ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn, ẹ má fi bi ẹnì kankan ní Illinois), ṣé opó yìí yóò ṣì lè tọrọ igi rẹ̀, àbí yóò di olè nítorí ìdì igi mẹ́wàá? Àwọn RIPE ti ṣèlérí pé àwọn yóò jẹ́ kí ohun tí àwọn bá ṣe dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ tó nílò rẹ̀ jù. Ìlérí dára. Àwa ń fẹ́ kí ó wà nínú ìwé, kí ìwé náà sì wà ní èdè tí àgbẹ̀ gbọ́, kí wọ́n tó gbé igi àkọ́kọ́ wọ ìlú.

Ní oṣù Karùn-ún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá ní kí wọ́n dá fífọwọ́ sí irúgbìn GMO tuntun dúró ná kí ìwádìí tó wáyé. Àwa kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni nínú wa ló ti kọ̀wé sí wọn rí? Kí NBMA tó fọwọ́ sí irúgbìn kan, wọ́n máa ń gbé ìwé ìbéèrè náà síta fún ọjọ́ 21 kí ará ìlú lè sọ tẹnu wọn. Ọjọ́ 21 péré ni. A ti gba àwẹ̀ ọjọ́ 21 ní ìjọ yìí tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a mọ bí ó ti gùn tó. A ní agbẹjọ́rò láàárín wa, a ní nọ́ọ̀sì, a ní ọmọ àgbẹ̀, a sì ní àwọn tó ń ta oúnjẹ fún ìdajì Èkó. Ohùn wa kò sí níbẹ̀. Orí fóònù ni ohùn wa wà, tó ń ba ọjà arábìnrin wa jẹ́.

Ebi sì ń pa ènìyàn. Àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé nígbà tó fi di oṣù Kẹfà 2024, owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 gòkè láàárín ọdún kan. Ẹ̀yin ìyá kò nílò kí àjọ kankan sọ fún yín. Àwọn kan nínú yín ti ń ra ẹ̀wà ní ife mílíìkì dípò kóńgò. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé ewé lè fi ìdá 20 kún irè oko, àwa kò ní sọ pé kí ó máa lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ìdá 20 náà láti oko dé inú ìkòkò. Ó kúrò ní oko Sáríà. Lójú ọ̀nà, àwọn kan dá tírélà dúró, wọ́n gba owó tí kò ní rísíìtì, oníṣòwò sì fi owó náà kún owó ọjà. Bí ó bá jẹ́ tòmátì ni, inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n to léra ni ó wà, èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ti di omi kí ọkọ̀ tó dé Kétu. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ọjà mọ òórùn rẹ̀. Ohun tó ń bàjẹ́ nínú tòmátì wa kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa sè é súnmọ́ ìdajì. Kí ni ewé tó gbọ́n fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Lẹ́yìn náà ni ó wá dé ọwọ́ tiwa, ó dé inú kóńgò. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jù fún wa láti kọ, nítorí inú ilé wa ni. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù ti ìdí rẹ̀ wọnú. Gbogbo wa la mọ èyí tí wọ́n fi ọ̀rá tẹ́ inú rẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà lọ́nà bẹ́ẹ̀ lè máa sọ èdè àjèjì nínú àdúrà òru, kó san ìdámẹ́wàá láti inú owó ọ̀hún. Ámósì orí 8 bá àwọn irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wí, àwọn tó ń retí kí ọjọ́ ìsinmi parí kí wọ́n lè padà sídìí òṣùwọ̀n tí wọ́n dín kù. Bí kóńgò kan bá dín ní ìdá 20, ó ti jẹ gbogbo iṣẹ́ ọdún púpọ̀ tí àwọn onímọ̀ Illinois ṣe lórí ewé, ní ìṣẹ́jú kan, láìka ìwé kankan. Àwọn tó ń jà á lólè kì í sì í ṣe olówó. Olówó ń ra àpò.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ wa ti jókòó. A ó ka èsì wa lórí ẹ̀wà GMO jáde nínú ìsìn Sunday tó ń bọ̀, kí gbogbo ènìyàn gbọ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ náà kì í ṣe òótọ́, kí àwọn tó fi í ránṣẹ́ sì lè fi èyí náà ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn wọn. A ó kọ lẹ́tà sí NBMA àti sí aṣojú wa ní Àbújá. A ó bèèrè pé kí wọ́n máa kọ ọ́ sára àpò bí ẹ̀wà inú rẹ̀ bá jẹ́ GMO, nítorí arábìnrin wa kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀wà olóyin àtijọ́ ni òun rà tàbí SAMPEA 20-T, kò sì yẹ kí ó jẹ́ òun ni yóò máa búra fún oníbàárà. A ó bèèrè pé kí wọ́n máa kéde ọjọ́ 21 náà ní Yorùbá, ní Haúsá àti ní Ìgbò, lórí rédíò, kì í ṣe nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì nìkan. A ó sì bèèrè ọ̀rọ̀ igi ẹ̀gẹ́ opó nísinsìnyí tí kò tíì sí ẹ̀gẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé kọ, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ń dúró dè yín lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ, tiyín ni a fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù yìí, láti aago mẹ́jọ àárọ̀, kí gbogbo ọmọ ìjọ tó ń fi kóńgò tajà gbé kóńgò rẹ̀ wá sí ọgbà ìjọ. A ti ra tuntun kan tí a ó fi wọn gbogbo rẹ̀. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, a kò sì ní gba owó. Ẹni tí tirẹ̀ bá dín, a ó bá a tún ìdí rẹ̀ tì jáde tàbí kí a fún un ní òmíràn.

Arábìnrin tó ń ta ẹ̀wà kò dúró de ọjọ́ Àbámẹ́ta náà. Ó ti gbé tirẹ̀ wá kí a tó kọ ọ̀rọ̀ yìí tán. A bu omi kún un, a dà á sínú tuntun yẹn. Ó kún dé ẹnu.